Iná tó ń jẹ èédú lábẹ́ ilẹ̀: kí ló dé tí omi kò fi pa á?

Òǹkàwé kan kọ̀wé sí mi báyìí: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni mò ń bójú tó ètò ààbò níbi ìwakùsà èédú kan ní Ìpínlẹ̀ Kogí. Láti ìgbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ti wọlé ni èéfín ti ń yọ lára ògiri kòtò àtijọ́ kan tí a ti pa tì, ó sì tún ń yọ níbi tí ilẹ̀ ti lanu lókè kòtò náà. A ti fi tánkà da omi sí i títí ó fi sú wa. Bó bá rọlẹ̀ lónìí, á tún bẹ̀rẹ̀ lọ́túnla. Ọ̀gá wa ní kí a fi sílẹ̀ kó jó tán fúnra rẹ̀. Àwọn ará abúlé tó wà nítòsí sì ń sọ pé orí máa ń fọ́ àwọn bí àwọn bá jí láàárọ̀. Kí ni ká ṣe?"

Àbúrò mi, o ṣeun tí o kọ̀wé. O fẹ́ mọ ìdí tí omi kò fi pa iná náà, o fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni ọ̀gá yín sọ, o sì fẹ́ mọ ọ̀nà àbáyọ. Màá dé orí gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n orí fífọ́ tí o fi kádìí ọ̀rọ̀ rẹ ni màá fi bẹ̀rẹ̀, nítorí ìyẹn kò ṣeé fi di ọ̀la.

Iná abẹ́ ilẹ̀ kì í rí afẹ́fẹ́ tó, èédú tí kò bá sì rí afẹ́fẹ́ tó láti jó dáadáa a máa tú gáàsì carbon monoxide jáde. Gáàsì yìí kan náà ló ń pa odidi ìdílé mọ́jú nígbà tí wọ́n bá gbé jẹnẹrétọ̀ sí ẹ̀yìn fèrèsé sùn. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Inú ẹ̀jẹ̀ ló ń lẹ̀ mọ́, á gba ipò tó yẹ kí ọ́síjìn wà, ẹni tó ń fà á símú á kọ́kọ́ rò pé ibà ló fẹ́ dá òun dúbúlẹ̀: orí á máa fọ́ ọ, òòyì á máa kọ́ ọ, inú á máa rú u. Bí orí àwọn ènìyàn yẹn bá ń fúyẹ́ lọ́sàn-án lẹ́yìn tí wọ́n bá ti jáde síta, àmì tó yẹ kó bà yín lẹ́rù nìyẹn. NIOSH, àjọ tó ń rí sí ààbò àti ìlera òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, sọ pé kí ohun tí òṣìṣẹ́ ń fà símú láti àárọ̀ títí di ìgbà tó bá ṣíwọ́ iṣẹ́ má ju ìpín 35 nínú mílíọ̀nù kan lọ. Bó bá dé 1,200, ewu ẹ̀mí ni lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré tí ẹ fi ń yẹ gáàsì wò níbi iṣẹ́ lè kà á. Gbé e wọ yàrá tí wọ́n ń sùn kí ilẹ̀ tó mọ́, kí wọ́n tó ṣí ilẹ̀kùn, kí o sì gbé e sún mọ́ ibi tí ilẹ̀ ilé tàbí ìdí ògiri ti sán, torí pé gáàsì náà lè gba abẹ́ ilẹ̀ wọlé láìjẹ́ pé èéfín kankan hàn lóde. Ilé tí ẹ̀rọ bá ti ké, kí ẹnikẹ́ni má sùn síbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Má dúró gba àṣẹ lórí ìyẹn. Má sì jẹ́ kí òṣìṣẹ́ kankan sọ̀ kalẹ̀ sínú ihò àtijọ́ láti lọ wá ojú iná. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ lè má gbé ẹ̀mí ró rárá.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ ọ̀gá yín. Mo mọ ibi tó ti rí i: iná orí ilẹ̀ máa ń kú bí igi bá tán. Lábẹ́ ilẹ̀, èédú ni igi rẹ̀, kì í sì í tán bọ̀rọ̀. Ní New South Wales, ní orílẹ̀-èdè Ọsirélíà, òkè kan wà tí wọ́n ń pè ní Burning Mountain. Èédú ló ń jó nísàlẹ̀ rẹ̀, ní nǹkan bí 30 mítà, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ sì ṣírò pé ó ti tó nǹkan bí 6,000 ọdún tó ti ń jó, tó ń rìn ní ìwọ̀n mítà kan lọ́dún. Ní Jharia, ní ìlà-oòrùn Íńdíà, ọdún 1916 ni wọ́n kọ́kọ́ rí iná nínú àwọn ibi ìwakùsà tó wà níbẹ̀, àwọn ènìyàn ṣì ń gbé lórí ilẹ̀ gbígbóná níbẹ̀ di òní. Ìdí ni pé èédú tó ń jó díẹ̀díẹ̀ láìní ọwọ́ iná kò béèrè afẹ́fẹ́ púpọ̀. Afẹ́fẹ́ tí à ń mí ní ìpín 21 ọ́síjìn nínú 100. Èédú lè máa jó lọ nínú èyí tí kò ní ju ìpín 2 lọ. Òkúta tó yí i ká kì í jẹ́ kí ooru rẹ̀ sá lọ. Èyí tó wá burú jù ni pé iná náà ń la ọ̀nà fún ara rẹ̀: bó ṣe ń jẹ èédú ni àyè ń ṣófo, òkúta tó wà lókè á já sínú àyè náà, ilẹ̀ á lanu, afẹ́fẹ́ tuntun á sì gba ibẹ̀ wọlé lọ bá a. Fífi í sílẹ̀ kò jẹ́ kó kú. Ńṣe ló ń jẹ́ kó tóbi dé ibi tí apá kò ní lè ká a mọ́.

Omi ńkọ́? Omi kì í dé ibi tí iná wà. Èyí tí ẹ fi tánkà dà sójú ilẹ̀ á wá ọ̀nà tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn jù, á gba ibẹ̀ ṣàn lọ, iná tó wà ní mítà mẹ́ta sí ẹ̀gbẹ́ kò sì ní mọ̀ pé ẹnì kan dé. Èyí tó bá kan ibi gbígbóná á di oru, ẹ ó rí funfun tó ń tú jáde gùdẹ̀, ẹ ó rò pé iná ń kú lọ. Ojú èédú nìkan ló tutù. Ooru tó ti wọ inú òkúta lọ á padà wá tàn án. Ohun tí ẹ ń rí lọ́túnla nìyẹn. Ewu sì wà nínú rẹ̀: bí omi bá kan èédú tó ti pọ́n yòò, háídírójìn àti carbon monoxide ni wọ́n máa jùmọ̀ yọ jáde, méjèèjì ló sì lè bú gbàù bí wọ́n bá pàdé afẹ́fẹ́ níbi tóóró. Bí ẹ bá ń da omi sínú ihò tí èéfín ń gbà jáde, kí ẹnikẹ́ni má dúró sí ẹnu rẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, èédú tó ti gbẹ tán máa ń gbóná sí i díẹ̀ nígbà tó bá ń fa omi sára, bó bá sì ń rẹ tó tún ń gbẹ léraléra, á fọ́ sí wẹ́wẹ́, wẹ́wẹ́ ló sì ń tètè mú iná. Bí òkìtì èédú yín bá ti máa ń rú èéfín lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, má ṣe yà yín lẹ́nu.

Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti máa wá ọdẹ tàbí darandaran tó dáná sí kòtò yẹn. Ẹ fara balẹ̀. Èédú lè tan ara rẹ̀. Láti ọjọ́ tí a bá ti ṣí i sí gbangba ló ti ń gba ọ́síjìn sára, gbígbà náà sì ń mú ooru wá. Bí atẹ́gùn bá ń fẹ́ sí i dáadáa, ooru náà á lọ. Bí afẹ́fẹ́ kò bá dé ibẹ̀ rárá, ooru kò ní yọ. Àárín méjèèjì ni ewu wà: ògiri tó ti sán, òkìtì tí a kò tẹ̀ mọ́lẹ̀, òpó èédú tí àwọn awakùsà fi sílẹ̀ kó gbé òrùlé ró, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń wọlé díẹ̀díẹ̀ tí kò sì tó láti gbé ooru jáde. Bó bá gbóná dé nǹkan bí 70 sí 80 lórí ìwọ̀n Sẹ́síọ̀sì, kì í sábà padà sẹ́yìn mọ́. Á máa yára ni. Irú èédú tó wà ní Kogí àti Enugu kò le tó ti àwọn ilẹ̀ kan, irú rẹ̀ sì ń tètè gbóná fúnra rẹ̀. Síbẹ̀, n kò ní kí ẹ gbójú fo iná òde. Ní ọjọ́ 9 oṣù kejì ọdún 2014, iná igbó ló wọ ibi ìwakùsà Hazelwood ní Victoria, Ọsirélíà, ó ràn mọ́ ògiri èédú ní apá ibi tí wọ́n ti wà tán tí wọn kò fi yẹ̀pẹ̀ bò. Ọjọ́ 45 ni ó fi jó, tí èéfín rẹ̀ ń wọ ìlú Morwell. Ìwọ náà mọ bí wọ́n ṣe ń sun igbó ní agbègbè yín nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ògiri tí ẹ ti wà tán tí ẹ sì ṣí sílẹ̀ gbayawu, iná ẹlòmíràn lè di tiyín.

Bí o bá ti rí àwọn tó ń sun èédú igi ní Òkè-Ògùn rí, o ti rí gbogbo ẹ̀kọ́ tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n á to igi jọ, wọ́n á fi koríko àti yẹ̀pẹ̀ bò ó, wọ́n á tanná sí i, lẹ́yìn náà wọ́n á máa yí òkìtì náà ká tọ̀sán-tòru. Bí yẹ̀pẹ̀ bá lanu níbì kan, wọ́n á sáré fi òmíràn dí i, torí bí wọ́n bá pẹ́, igi á di eérú. Kì í ṣe omi ni wọ́n fi ń kápá iná yẹn, afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń dù mọ́ ọn lọ́wọ́. Bí tiyín náà ṣe rí nìyẹn, àfi pé òkìtì tiyín lè tó éékà mélòó kan, ẹ kò sì mọ ibi tó parí sí.

Nítorí náà, kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ wá ibi tó parí sí. Jáde láàárọ̀ kùtù nígbà tí afẹ́fẹ́ tutù, ìgbà náà ni oru máa ń hàn jù. Wo ibi tí koríko ti kú láìsí ìdí, ibi tí ìrì kò sẹ̀ sí, ibi tí ilẹ̀ kọ́kọ́ gbẹ lẹ́yìn òjò. Ní ẹnu ibi tó lanu, o lè rí ohun pupa rúsúrúsú tó dì mọ́ òkúta bí iyọ̀. Imí ọjọ́ nìyẹn, ooru ló gbé e wá láti ìsàlẹ̀. Amọ̀ tó ti pọ́n bí bíríkì ń sọ pé iná ti gba ibẹ̀ kọjá. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ lu ihò tẹ́ẹ́rẹ́ láti ibi tútù wá sí ibi gbígbóná, kí ẹ fi páìpù irin bọ inú rẹ̀, kí ẹ sì ti wáyà tẹmómítà tẹ̀ lé e, kí ẹ wọn ooru àti gáàsì, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì fi ìdérí dé ihò náà kó má di ọ̀nà afẹ́fẹ́. Ẹyọ ìwọ̀n kan kò sọ nǹkan púpọ̀ fún yín. Èyí tó ń sọ̀rọ̀ ni bóyá ó ń gòkè tàbí ó ń lọ sílẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Ẹ máa wọ̀n ọ́n ní wákàtí kan náà lójoojúmọ́ pẹ̀lú, torí pé ilẹ̀ tó lanu ń mí: bí ìtẹ̀mọ́lẹ̀ afẹ́fẹ́ ojú ọ̀run bá ń lọ sílẹ̀, gáàsì á máa jáde, bó bá ń gòkè, afẹ́fẹ́ á máa wọlé. Ẹni tó wọ̀n ọ́n láàárọ̀ lónìí tó wọ̀n ọ́n ní ìrọ̀lẹ́ lọ́la lè rò pé iná ti kú nígbà tó jẹ́ pé mímí ilẹ̀ ló rí.

Bí àyẹ̀wò yìí bá fi hàn pé iná náà ṣì kéré, tí kò sì jìn, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ gbẹ́ ẹ jáde. Ọ̀nà yẹn nìkan ni ojú fi lè rí i pé iná ti kú pátápátá. Láti ilẹ̀ tútù ni kí katakata ti bẹ̀rẹ̀, kó kọ́kọ́ gé èédú tó ń jó kúrò lára èyí tí kò tíì jó, kó tó máa sún wọ inú. Èyí tó gbóná, kí típà kó o lọ sórí ilẹ̀ lásán, níbi tí kò sí èédú lábẹ́ rẹ̀, kí ẹ tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ, kó má nípọn. Ibẹ̀ ni omi yín ti máa wúlò, torí pé yóò kan ohun tó ń jó ní tààrà. Ẹ fi yẹ̀pẹ̀ pò ó, ẹ má sì dá a padà sínú kòtò àfi bí irin tẹmómítà bá sọ pé ó ti tutù dé inú. Ẹ̀mí awakọ̀ katakata ṣe pàtàkì ju èédú lọ: ilẹ̀ tó dúró lé lè ti ṣófo nísàlẹ̀, nítorí náà kí ẹ lu u wò kó tó gun un, kí ó dúró sí apá ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá, kí ẹnì kan sì máa ṣọ́ ọ pẹ̀lú ẹ̀rọ gáàsì lọ́wọ́. Bí ẹ bá ń fi àdó fọ́ òkúta níbẹ̀, ẹ wọn ooru ihò kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó ki nǹkan bọ̀ ọ́. Ihò tó gbóná, ẹ fi sílẹ̀. Àdó inú rẹ̀ kò ní dúró dè yín.

Ṣùgbọ́n bí owó tàbí katakata yín kò bá lè gbẹ́ ẹ dé òpin, ẹ má bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Gbígbẹ́ tí a dá dúró ní ìdajì ti ṣí ilẹ̀kùn fún afẹ́fẹ́. Èyí ló mú mi rántí Centralia, ní Pennsylvania, Amẹ́ríkà. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1962, wọ́n dáná sun ààtàn ìlú nínú kòtò ìwakùsà àtijọ́ kan lẹ́bàá ibi ìsìnkú. Ihò kan wà lára kòtò náà tí wọn kò dí, iná gba ibẹ̀ wọ inú àwọn ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ tí àwọn awakùsà ti fi sílẹ̀. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀, owó tán, wọ́n dúró. Wọ́n da òkúta wẹ́wẹ́ àti omi sínú àwọn ihò, kò tó. Wọ́n gbẹ́ kòtò láti dínà mọ́ iná, iná ti kọjá ibẹ̀. Owó tí wọ́n ń yọ sílẹ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan kì í pọ̀ tó iná tó wà nílẹ̀ ní ọdún náà. Iye tí ìbá ti pa iná ọdún tó kọjá ni. Ní 1979, wọ́n fi tẹmómítà wọn epo inú tánkì abẹ́ ilẹ̀ ní ilé epo kan, ó gbóná tó nǹkan bí 78 lórí ìwọ̀n Sẹ́síọ̀sì. Ní oṣù kejì ọdún 1981, ilẹ̀ lanu lábẹ́ ẹsẹ̀ ọmọkùnrin ọlọ́dún 12 kan nínú ọgbà ìyá rẹ̀ àgbà. Gbòǹgbò igi ló dì mú tí ìbátan rẹ̀ fi fà á jáde. Nígbà tó di 1983, àwọn tó ṣe àyẹ̀wò sọ pé gbígbẹ́ ẹ jáde lè ná wọn tó 660 mílíọ̀nù dọ́là. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà yọ 42 mílíọ̀nù dọ́là láti fi kó àwọn ènìyàn kúrò. Ìlú tó ní ju 1,000 ènìyàn lọ di ti ènìyàn mẹ́wàá nínú ìkànìyàn 2010. Sọ ìtàn yìí fún ọ̀gá yín. Orílẹ̀-èdè tó lówó jù láyé ló ṣẹlẹ̀ sí, kò sì jẹ́ pé wọn kò mọ ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe.

Bí iná bá ti jìn ju èyí tí ẹ lè gbẹ́ lọ, bíbò ló kù. Amọ̀ tó dì ni kí ẹ lò, kì í ṣe yanrìn, kì í sì í ṣe ilẹ̀ ìdọ̀tí tí èédú wẹ́wẹ́ wà nínú rẹ̀. Mo ti rí ibi tí ilẹ̀ tí wọ́n fi bo iná ti di iná fúnra rẹ̀. Ẹ tẹ́ ẹ ní ìpele-ìpele, kí katakata tẹ ìpele kọ̀ọ̀kan mọ́lẹ̀, kó bo ògiri kòtò náà láti ìdí dé òkè, kó sì kọjá ibi tó lanu gbẹ̀yìn dáadáa. Gbogbo ẹnu ihò àtijọ́ tó bá wọ inú èédú náà, ẹ dí i. Kò wọ́n púpọ̀, ẹ sì lè fi ohun tí ẹ ní ṣe é. Àbùkù rẹ̀ ni pé kì í pa iná lójú ẹsẹ̀. Ooru inú òkúta lè wà níbẹ̀ fún ọdún, ẹni tó bá sì ṣí i kó tó tutù ti tún un tàn. Ọyẹ́ á mú kí amọ̀ sán, òjò á wọ́ ọ lọ, ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ á máa rì. Ẹni tó bá yan bíbò ti gba iṣẹ́ àtúnṣe tí kò ní parí láìpẹ́, kí ilé iṣẹ́ yín sì ya owó rẹ̀ sọ́tọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Àwọn ọ̀nà mìíràn wà: kí a lu ihò, kí a fi eérú, yanrìn àti sìmẹ́ǹtì tí a fi omi pò kún inú àyè tó ṣófo, tàbí kí a fẹ́ gáàsì náítírójìn wọlé kó lè lé ọ́síjìn jáde. Náítírójìn ń ṣiṣẹ́ dáadáa nínú ihò ìwakùsà tí a lè dí pinpin. Lórí ilẹ̀ tó ti lanu káàkiri bíi tiyín, á jò jáde ni. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi í gba owó yín kí ẹ tó bo ilẹ̀. Gbígbẹ́ yàrà láti dínà mọ́ iná dára, bó bá jìn kọjá ìsàlẹ̀ èédú, tí ẹ sì fi amọ̀ kún un kí iná tó débẹ̀. Ẹ fi àyè sílẹ̀ níwájú iná ju bí ẹ ti rò lọ.

Láti ibi tí mo wà, n kò lè sọ èyí tó kàn yín nínú gbígbẹ́ àti bíbò. Ihò tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ bá lu ló máa sọ. Ohun tó dá mi lójú ni pé oṣù yìí ni kí ẹ ṣe é. Bí ògiri náà bá ṣì ṣe é gé kúrò lára èyí tó kù, má jẹ́ kí òjò mìíràn bá a níbẹ̀.

Ní ti abúlé, lọ bá baálẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó di ti gbogbo ayé. Mú ìwé tí o kọ ìwọ̀n gáàsì sí dání, ka iye tí o rí nínú ilé kọ̀ọ̀kan fún wọn, kí o sì sọ ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè wọn. Ní Centralia, àwọn kan ní kí àwọn kó lọ, àwọn kan ní irọ́ ni, wọ́n ní èédú abẹ́ ilẹ̀ àwọn ni ìjọba ń fojú sí. Aládùúgbò bá aládùúgbò jà, nítorí pé kò sí ẹni tí gbogbo wọn lè gba ìwọ̀n rẹ̀ gbọ́. Bí ó bá ṣeé ṣe, kọ́ ọ̀dọ́ méjì nínú abúlé náà bí wọ́n ṣe ń ka ẹ̀rọ gáàsì, kí o sì fi ẹ̀rọ kan sílẹ̀ lọ́wọ́ wọn, kí wọ́n lè máa wọ̀n ọ́n fúnra wọn lóru nígbà tí ìwọ kò sí níbẹ̀.